Bí a ṣe ń yan ṣéènì sọ́ọ̀ ńlá: ìwúwo rẹ̀ àti báà tó bá a mu

Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣéènì sọ́ọ̀ ńlá sábà máa ń bèèrè agbára rẹ̀ kó tó bèèrè ohunkóhun. Agbára ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ ohun méjì mìíràn ló máa ń sọ ẹ́ńjìnnì olówó gọbọi di ohun tí wọ́n ń fi tapólì bò sí kọ̀rọ̀ ilé: ó wúwo ju ẹni tó ń lò ó lọ, tàbí báà tí wọ́n rà fún un kò bá a mu. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń gé igi ńlá lulẹ̀ tàbí tó ń la pákó nínú igbó, irú iṣẹ́ tí àwọn onígẹdú ń ṣe láti Oǹdó dé Ògùn, tí pákó rẹ̀ sì ń dé Bódìjà n'Íbàdàn àti ìlú Èkó.

Ká jọ mọ orúkọ nǹkan ná. Báà ni irin pẹlẹbẹ gbọọrọ tí ṣéènì ń sá yí ká. Àwọn kan ń pè é ní bíléèdì. Ẹsẹ̀ ṣéènì ni irin ṣóńṣó tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń wọ inú lílà tó wà létí báà. Sprocket ni jíà kékeré eléyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, òun ló ń ti ṣéènì lọ. Gbogbo àríyànjiyàn lórí "báà yìí wọ̀ ọ́, báà yìí kò wọ̀ ọ́" kò kọjá àárín nǹkan mẹ́ta yìí àti bóòtù méjì tó di báà mú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn igi kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù

Ẹ fi okùn yí ìdí igi ká, ẹ wọn okùn náà, kí ẹ pín in sí 3.14. Igi tí okùn rẹ̀ jẹ́ 283 sẹ̀ǹtímítà fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Tí ẹ bá fẹ́ gé e já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, báà yẹ kó fi nǹkan bí 5 sẹ̀ǹtímítà gùn ju igi lọ. Tí ẹ bá máa gé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, báà 63 sẹ̀ǹtímítà lè ṣe igi tó lé díẹ̀ ní 110. Gígùn tí wọ́n kọ sára báà ni èyí tó yọ síta níwájú ẹ́ńjìnnì. Ìdí rẹ̀ tó wọ inú kò sí nínú ìṣirò.

Ẹ má fi igi tó tóbi jù lọ tí ẹ ti rí láyé yín yan ẹ́ńjìnnì. Igi tí ẹ ń gé lọ́jọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ni kí ẹ wò. Ẹni tó jẹ́ pé arère àti àfárá tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà ló ń gé, tó wá lọ ra ẹ́ńjìnnì 120 cc nítorí ìrókò kan tó lè yọjú lọ́dún, ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀ ni yóò máa san gbèsè náà lójoojúmọ́.

Líle igi náà wà nínú ìṣirò. Arère rọ̀, ṣéènì máa ń sá nínú rẹ̀ bí ọ̀bẹ nínú ẹ̀kọ. Apá le. Ìrókò kò le tó apá, ṣùgbọ́n òkúta funfun lè wà nínú rẹ̀, èyí tí igi fúnra rẹ̀ kó jọ, tí ojú kò sì ní rí títí ṣéènì yóò fi kàn án. Ìsẹ́jú kan péré ló máa fi kú gbogbo eyín rẹ̀. Ẹni tó ń la ìrókò yẹ kó ní ṣéènì mẹ́ta tó ti pọ́n sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gbé agbára àti ìwúwo sórí òṣùwọ̀n kan náà

Ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ ń kọ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì lásán: kò sí báà, kò sí ṣéènì, kò sí epo nínú táǹkì. Díẹ̀ nìyí nínú àwọn tí ẹ lè bá pàdé, tuntun tàbí àlòkù:

Stihl MS 070: 105.7 cc, 4.8 kìlówáàtì, nǹkan bí kílò 10.5
Stihl MS 881: 121.6 cc, 6.4 kìlówáàtì, kílò 9.9
Husqvarna 3120 XP: 118.8 cc, 6.2 kìlówáàtì, kílò 10.4
Stihl MS 661: 91.1 cc, 5.4 kìlówáàtì, kílò 7.4
Husqvarna 395 XP: 93.6 cc, 4.9 kìlówáàtì, kílò 7.9
Stihl MS 500i: 79.2 cc, 5.0 kìlówáàtì, kílò 6.2

Ẹ pín kílò sí kìlówáàtì, ẹ ó rí ohun tí owó yín ń rà ní ti gidi. 500i gbé kílò 1.24 fún kìlówáàtì kọ̀ọ̀kan, 661 gbé 1.37, 881 gbé 1.55, 395 gbé 1.61, 3120 gbé 1.68. 070 gbé nǹkan bí 2.19. Ìyẹn ni pé 070 wúwo ju 881 lọ, agbára rẹ̀ sì kéré sí ti 500i tí kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀.

Kí ló dé tí 070 fi wá kún igbó? Ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ ni, ìdílé Contra tí Stihl gbé jáde ní 1959 ló ti wá. Kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Ẹni tó mọ kabúrétọ̀ ọ̀kadà lè tún tirẹ̀ ṣe lábẹ́ igi, kò sì sí ìlú onígẹdú tí wọn kì í ti í ta písítìnì rẹ̀. Kì í sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fà, iṣẹ́ pákó sì nílò ohun tó ń fà. Àléébù rẹ̀ tó burú jù kì í ṣe ìwúwo: ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà ni kò ní bíréèkì ṣéènì, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ sì ń wọ ọwọ́ tààrà. Lójú tiwa, ẹni tí kò bá ní láti la pákó pẹ̀lú rẹ̀ kò nílò rẹ̀ mọ́.

Tí ẹ bá sì ń ra 070, ẹ mọ̀ pé ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú sáyílẹ́ńsà rẹ̀, kí ẹ yọjú wo písítìnì láti ojú ihò èéfín: kò gbọ́dọ̀ ní ìlà gígùn kankan lára. Ti ojúlówó fẹ̀ ní 58 mìlímítà. Ẹ gbé kálípà dání.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò ohun tí ọwọ́ yóò gbé gan-an

Ẹ jẹ́ ká mú MS 881. Táǹkì epo rẹ̀ ń gba lítà 1.3, èyí tó wúwo tó kílò kan. Táǹkì ọ́ìlì ṣéènì ń gba lítà 0.7, ìyẹn nǹkan bí kílò 0.6. Báà 90 sẹ̀ǹtímítà àti ṣéènì rẹ̀ pa pọ̀ tó nǹkan bí kílò 3. Ẹ́ńjìnnì tí ìwé sọ pé kílò 9.9 ni ti di 14.5 lọ́wọ́ yín. Ẹ wá fi kẹ́ẹ̀gì epo lítà 5 kún un fún ọ̀nà igbó.

Ibi tí ìwúwo náà dúró sí tún ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Kílò kan tó wà nímú báà, ní 90 sẹ̀ǹtímítà sí ọwọ́, ń fa ọwọ́ ju kílò mẹ́ta tó wà nínú ẹ́ńjìnnì lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dán an wò pẹ̀lú báà lára: ẹ da epo dé ìdajì táǹkì, ẹ fi ọwọ́ kan gbé e ní ọwọ́ iwájú, kí ẹ tú u sílẹ̀ láti dúró fúnra rẹ̀. Tí imú báà bá dúró gbọọrọ tàbí tó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó dọ́gba. Tó bá tọ́ka sílẹ̀ pátápátá, báà ti gùn jù fún ẹ́ńjìnnì náà. Ẹni tó ń gé igi tó wà nílẹ̀ sí wẹ́wẹ́ lè fara mọ́ ọn, torí ara igi ló ń gbé báà. Ẹni tó ń gé ẹ̀ka kò lè fara mọ́ ọn.

Irú báà kan wà tí inú rẹ̀ ṣófo: irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ó fúyẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí igi bá fún un mọ́ inú, tí ẹ fi ipá fà á, ó máa ń tètè wọ́. Fún pákó lílà, ẹ ra èyí tó jẹ́ irin gidi látòkè délẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Nǹkan márùn-ún ni báà fi gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu, gígùn kò sí nínú wọn

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Oníṣọ́ọ̀bù á ní "báà íǹṣì 36 ni", oníbàárà á sì sanwó. Gígùn kì í dí báà lọ́wọ́ láti wọ ẹ́ńjìnnì. Àwọn wọ̀nyí ló ń dí i.

Èkíní ni ìdí báà. Ojú bóòtù gbọọrọ tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá bóòtù ẹ́ńjìnnì mu. Bóòtù Stihl ńlá fẹ̀ tó nǹkan bí 12 mìlímítà, ti Husqvarna ńlá tó nǹkan bí 9. Báà Stihl á wọ Husqvarna wẹ́rẹ́, ó máa mì tìtì ni, àyàfi tí ẹ bá fi òrùka irin tí wọ́n ń ta fún un dí àyè náà. Ti Husqvarna kò ní wọ Stihl rárá, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì fẹ ojú rẹ̀, níbi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé Stihl pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà: nọ́ńbà báà fún 660 àti 661 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3003, ti 880 àti 881 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3002. Ẹ ka nọ́ńbà yìí lára báà kí ẹ tó sanwó.

Èkejì ni ihò ọ́ìlì àti ihò ìkọ́ tó ń fa ṣéènì le. Báà lè wọ bóòtù kó má bàa mì, síbẹ̀ kí ihò ọ́ìlì rẹ̀ má dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń tú ọ́ìlì jáde. Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ rọrùn: ẹ fi báà sí i láìsí ṣéènì, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, ẹ fi báà náà rìn síwájú-sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú bóòtù dé òpin rẹ̀. Àmì náà kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ojú ihò ní ibi kankan tí ṣéènì lè ti le. Báà tí ọ́ìlì kò bá dé ara rẹ̀ máa ń di dúdú lápá òkè kí ọjọ́ tó tó ọ̀sán.

Ẹ̀kẹta ni pitch, ìyẹn àlàfo ṣéènì. Ẹ wọn láti àárín rifẹ́ẹ̀tì kan dé àárín ẹ̀kẹta rẹ̀: 18.6 mìlímítà jẹ́ ṣéènì tí wọ́n ń pè ní 3/8, 20.5 mìlímítà jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní .404. Àwọn ẹ́ńjìnnì 105 cc sókè sábà máa ń gba .404, àwọn 80 sí 95 cc sábà ń gba 3/8. Ìyàtọ̀ láàárín wọn kò tó mìlímítà méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló fi ń tan èèyàn. Ní ẹsẹ̀ kẹwàá, ìyàtọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn eyín kan. Ṣéènì 3/8 lórí sprocket .404 á máa gun eyín rẹ̀ gẹ̀rẹ̀, á máa pariwo bí ẹni ń gbọn ìkòkò, kò sì ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi jẹ tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń já.

Ẹ̀kẹrin ni ìnípọn lílà báà, tí a ń pè ní géèjì: 1.3, 1.5 tàbí 1.6 mìlímítà. Stihl ńlá sábà jẹ́ 1.6, Husqvarna tó jẹ́ 3/8 sábà jẹ́ 1.5. Ṣéènì 1.6 kò ní wọ lílà 1.5, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi òòlù lù ú wọ̀. Ṣéènì 1.5 nínú lílà 1.6 á wọ̀, ṣùgbọ́n á máa yọ̀ sí ọ̀tún àti òsì, igi tí ẹ bá gé á sì tẹ̀ bí ọpọ́n. Tí onípákó bá rí i pé pákó kan nípọn ju èkejì lọ lápá kan, ibí ni kó kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀karùn-ún ni imú báà. Báà tí jíà wà nímú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní pitch kan náà pẹ̀lú ṣéènì àti sprocket. Mẹ́ta ni wọn, ìwọ̀n kan náà ni: tí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Báà tí imú rẹ̀ jẹ́ irin líle láìsí jíà kò bìkítà nípa pitch, géèjì nìkan ló mọ̀. Níbi tí kò ti dájú pé ẹ ó rí ṣéènì kan náà rà lóṣù mẹ́fà sí i, báà irú yìí ń gbani, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbóná jù, ṣéènì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rọ̀ díẹ̀ sí ti onímú jíà.

Iye ẹsẹ̀ ṣéènì sábà wà lára ìdí báà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pitch àti géèjì. Tó bá ti pa rẹ́, ẹ ka ẹsẹ̀ ṣéènì àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé "ti íǹṣì 36": báà íǹṣì 36 ti ilé kan àti ti òmíràn kì í gba iye ẹsẹ̀ kan náà.

Ṣé ó dára kí a fi 3/8 sí ẹ́ńjìnnì 120 cc?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ ra sprocket 3/8 eléyín 8 dípò .404 eléyín 7, báà onímú 3/8, àti ṣéènì 3/8. Sprocket .404 eléyín 7 ń ti ṣéènì lọ ní 143.6 mìlímítà fún yíyí kan, ti 3/8 eléyín 8 ń tì í ní 149. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 9,000 láàárín ìsẹ́jú kan, ìkíní jẹ́ mítà 21.5 ní ìṣẹ́jú àáyá, èkejì 22.4. Ó yára díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń fà dín díẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé ojú ayùn 3/8 tóóró ju .404 lọ, nítorí náà ìgẹdú tó ń di ìyẹ̀fun kéré. Àdánù rẹ̀ ni pé .404 ń fara da igi líle àti báà gígùn jù ú lọ. Fún báà tó dé 75 sẹ̀ǹtímítà, a fara mọ́ 3/8. Tó bá ti ju 90 lọ lórí apá tàbí ìrókò, ẹ fi .404 sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Gbígbé báà tuntun sí i

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà pílọ́ọ̀gì. Tó bá ní bíréèkì ṣéènì, ẹ tú u kí ẹ tó yọ ìdérí, torí lórí àwọn kan bíréèkì wà nínú ìdérí gan-an, kò sì ní padà wọlé tó bá wà ní dídì. Ẹ fi nǹkan họ ihò ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì àti lára báà. Ẹ yẹ sprocket wò: tí ṣéènì bá ti jẹ ojú rẹ̀ wọlé ju ìdajì mìlímítà lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi ṣéènì tuntun lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sprocket gbígbó á ba ṣéènì tuntun jẹ́.

Ẹ to ṣéènì láti imú báà wá, eyín rẹ̀ lókè gbọ́dọ̀ kọjú sí iwájú. Ẹ rí i pé ìkọ́ wọ ihò rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ di nọ́ọ̀tì méjèèjì, ẹ gbé imú báà sókè, ẹ fa ṣéènì le, ẹ sì di nọ́ọ̀tì nígbà tí imú ṣì wà lókè. Tí ẹ bá gbàgbé àtigbé imú sókè, báà á bọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ṣéènì á sì rọ̀ láàárín ìsẹ́jú mẹ́wàá. Ṣéènì tó dára fẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ báà, síbẹ̀ ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè fà á yí. Ẹ má fà á le nígbà tó bá gbóná: tó bá tutù yóò sún kì, yóò sì fún ẹnu kílọ́ọ̀ṣì pa.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ́ìlì fún báà gígùn

Pọ́ǹpù ọ́ìlì àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá ní ìdè tí ẹ lè fi sọ ọ́ di púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ẹ ṣí i fún báà 90 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé imú báà sókè ewé tàbí páálí funfun ní nǹkan bí ìka mẹ́rin, ẹ fún un ní epo díẹ̀. Ìlà ọ́ìlì gbọ́dọ̀ hàn lórí páálí náà. Táǹkì ọ́ìlì yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí epo bẹntiróòlù bá tán. Tó bá ṣẹ́ kù ju ìdajì lọ, ọ̀nà kan ti dí.

Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú lára mọ́tò kò ná owó, ìyẹn ló fi wà nínú gbogbo igbó. Irin kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ pọ́ǹpù àti lílà báà. Tí kò bá sí ọ́ìlì ṣéènì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun tó nípọn dára jù ú lọ.

Epo bẹntiróòlù tirẹ̀ rọrùn: ọ́ìlì two-stroke tó dára ní 50 sí 1, ìyẹn mìlílítà 100 fún lítà 5. Ọ́ìlì tí ẹ kò mọ ìdílé rẹ̀, ẹ fi í sí 25 sí 1, mìlílítà 200. Ẹni tó ń lé owó ọ́ìlì níbí á fi ra písítìnì.

Pípọ́n, fún báà gígùn

Fáìlì róbótó 5.5 mìlímítà ni ti .404; 5.2 ni Stihl ń lò fún 3/8. Fún gígé igi níbùú, igun 30. Fún pákó lílà, ẹ dín in kù sí 10, torí ẹ ń gé lọ́wọ́ ìṣàn igi. Òkìtì kékeré iwájú eyín gbọ́dọ̀ fi 0.65 mìlímítà rẹlẹ̀ sí eyín lórí 3/8, 0.80 lórí .404. Ẹni tó bá fi fáìlì rẹ̀ ẹ́ jù kí ó lè "jẹun" dáadáa á rí i pé ẹ́ńjìnnì ń ta padà, ó sì ń kú nínú igi. Fún báà tó ju 75 lọ, ṣéènì tí eyín rẹ̀ fọ́nká dára ju èyí tó ṣù, torí ìyẹ̀fun á ráyè jáde.

Nígbàkigbà tí ẹ bá pọ́n ṣéènì, ẹ yí báà dojúdé kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di òkè. Ẹ fi kálípà wọn jíjìn lílà rẹ̀: tó bá ti dín sí 6 mìlímítà fún 3/8 tàbí 7 fún .404, ẹsẹ̀ ṣéènì á máa kan ìsàlẹ̀, ẹ yọ báà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Etí báà tó bá ti yọ ṣóńṣó síta, ẹ fi fáìlì pẹlẹbẹ rẹ̀ ẹ́. Tí apá kan bá ti ga ju èkejì lọ, ìyẹn ló ń mú kí igi tẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń gé e.